Àkísà Aró Lára Ilé Onítáyà

Ìfura ló gbé mi dé inú ilé onítáyà, mi ò ní purọ́ pé ìfẹ́ ọkọ ni. Ọkọ mi ń bá kọ́ńpìnnì kan tó ń la títì ṣiṣẹ́, òun ló máa ń wọn ilẹ̀ kí katapílà tó dé. Àgọ́ wọn wà lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, láàárín oko olóko. Kò tíì pẹ́ tí sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá nígbà náà, gbogbo ibi ni wọ́n ń la títì sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ọkọ mi máa ń wálé sí Abẹ́òkúta, ní ìdájí ọjọ́ Ajé ni yóò padà. Kí n tó bímọ, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ́n fún erùpẹ̀ débi pé igi ni mo fi ń tì í bọ omi. Lẹ́yìn tí mo bímọ, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní fífọ̀, wọ́n sì ká a dáadáa. Mo bi í pé ta ló ń fọ̀ ọ́. Ó ní ìyá arúgbó kan ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ọkùnrin tí ẹlòmíràn ń fọṣọ fún tí kò ní sọ pé ìyá arúgbó ni, bẹ́ẹ̀ arúgbó náà lè má tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Mo ní mò ń bọ̀ wá bá a gbé níbẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, inú páànù ni òun ń sùn, ọmọ kò sì tíì pé oṣù méjì. Bó ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n má wá ni ọkàn mi ń sọ pé kí n tètè lọ.

Ọmọ yẹn gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ rò. Òun ni ìkejì. Àkọ́kọ́, ọkùnrin bíi tirẹ̀, kò lo oṣù mẹ́rin láyé. Ikọ́ ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, àyà rẹ̀ dí, ó sì lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ohun gbogbo: afẹ́fẹ́, àlejò, ológbò, obìnrin tó bá yin ọmọ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi tún fura jù mí lọ. Aláró ni, Òwu ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ, kò bá mi jiyàn. Ó fa ìkòkò aró rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ẹrù, ó ní òun kò lè jókòó sílé kí n gbé ọmọ-ọmọ òun lọ sínú igbó. Ọkọ̀ kọ́ńpìnnì ló wá kó wa.

Kárafáànù ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń pè é, ilé onítáyà ni àwọn lébìrà ń pè é, tiwọn ló sì bá a mu. Páànù funfun ni, táyà méjì ló gbé e dúró, wọ́n fi òkúta dá a dúró níwájú. Inú rẹ̀ gba ibùsùn méjì àti tábìlì kan tí wọ́n ń ká mọ́ ara ògiri. Bí mo bá na apá méjèèjì, mo ti kan ọ̀tún, mo ti kan òsì. Ọkọ mi fi í sílẹ̀ fún wa, ó kó lọ sí àtíbàbà páànù tí àwọn lébìrà ń sùn. Ìyá mi yẹ ibùsùn wò, ó gbóòórùn ìrọ̀rí, ó wo abẹ́ tábìlì. Kò rí irun obìnrin kankan. Mo rí i pé ó dùn ún díẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì sun inú páànù lọ́yẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù. Ilé amọ̀ máa ń rántí oòrùn, ó máa ń fi ooru díẹ̀ pamọ́ dè ọ́. Páànù kì í rántí nǹkan kan. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ògiri á tutù bí ikùn ẹja, àárọ̀ á sì bá omi lára rẹ̀ nínú. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, ọmú mi gan-an là, ọmọ á mu wàrà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi àti ìyá mi wo ara wa.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni mo rí ẹni tó ń fọṣọ. Ìyá arúgbó ni lóòótọ́, ó ti gbó kọjá kí n jowú rẹ̀. Àlà funfun ló ró, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, torí ará ilé òòṣà ni, nínú abúlé kékeré tó wà lẹ́yìn àgọ́. Ìyá Aláàlà ni àwọn lébìrà ń pè é. Ó kí wa kú ewu ọmọ, ó kí wa kú ọyẹ́, ó gbá iwájú ilé onítáyà náà mọ́ tónítóní, ó gbé agolo mílíìkì òfìfo méjì tí ọkọ mi ti fi pamọ́ dè é, ó lọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kì í kú bọ̀rọ̀, ibùgbé ló máa ń pààrọ̀. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ lẹ́nu ọlọ́dẹ àgọ́ pé oko ìyá náà ni ilẹ̀ tí ilé onítáyà wa dúró lé, pé igi obì tí bàbá rẹ̀ gbìn wà níbẹ̀ kí katapílà tó hú u, àti pé ọkọ mi gan-an ló na okùn gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìyá mi ronú sí i ní gbogbo ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó bi mí léèrè. "Ẹni tí a gba oko rẹ̀, tó tún ń fọṣọ wa, tó ń gbálẹ̀ fún wa, kí ló ń wá?"

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá gbé iṣu sísun wá, ìyá mi á fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìgbà àkọ́kọ́, arúgbó náà wo ìyá mi fún ìgbà díẹ̀, ó bu iṣu náà jẹ, ó gbé e mì, ó gbé ìyókù sílẹ̀. Ìgbà kejì, ó ti bù ú jẹ kí a tó sọ̀rọ̀. Bó ṣe kẹ̀yìn sí wa báyìí, ìyá mi ní ṣé mo rí i, ó ti mọ ohun tí à ń rò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfura ṣe ń rí. Bí ẹni náà bá kọ̀, ẹ̀rí ni. Bó bá gbà, ẹ̀rí náà ni. A kò jẹ iṣu náà, a fún àwọn lébìrà.

Kí ọyẹ́ má baà pa ọmọ, ìyá mi ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò bu ẹyín iná níbi tí àwọn alásè àgọ́ ti dáná, yóò kó o sínú ìkòkò amọ̀, yóò gbé e sórí yanrìn lábẹ́ ibùsùn ọmọ. Nígbà tí mo wà ní jòjòló, abẹ́ ibùsùn tèmi náà kò ṣàì ní tirẹ̀. Ooru rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu sí ara ilé onítáyà náà wọlé, ihò mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lókè. Ìyá mi kò mọ ohun tí òyìnbó lu ihò sí ara ilé fún. Ìkòkò aró ló mọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, aró máa ń sùn nínú ìkòkò, kò ní mú aṣọ mọ́, àfi kí aláró fi ẹní bò ó, kó fi àpò lé e, kó fi àkísà dí etí rẹ̀ yíká kí ooru má baà jáde. Bí ìyá mi ṣe ń tọ́jú aró rẹ̀ nìyẹn láti ogójì ọdún, kò sì sí aláró Òwu tí aró rẹ̀ ń yè lọ́yẹ́ tó tirẹ̀. Ó ya àkísà tó fi ń nu ọwọ́ sí wẹ́wẹ́, ó jáde síta, ó dí ihò gbogbo.

"Ohun tí a bá fẹ́ kó yè lọ́yẹ́," ó ní, "à á bò ó ni."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ mi, ó ń bì mí nínú. Orí ń fọ́ ìyá mi náà. Nígbà tí mo jáde, gbogbo ihò náà wà ní gbayawu. Àwọn àkísà aró wà lórí táyà, ẹnì kan ti ká wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì fi òkúta kékeré lé wọn lórí kí atẹ́gùn má gbé wọn lọ.

Ká ní wọ́n jí wọn ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀. Olè kì í káṣọ. Mo dúró nínú òtútù, mò ń wo òkúta náà, èèmọ̀ ló jọ lójú mi. Ìyá mi kà wọ́n, ó ní ó pé mẹ́jọ. Ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó wọ́n omi àdúrà tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì sí wọn, ó tún fi wọ́n dí ihò ní ìrọ̀lẹ́, ó sì fi igi tì wọ́n wọlé. Ilẹ̀ mọ́, orí tún ń fọ́ wa, àkísà tún wà lórí táyà, ní kíká, tòun ti òkúta. Báyìí ló rí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ara ọmọ kò gbóná, ṣùgbọ́n ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń bì. Kò sí ìgbà kankan tí èmi tàbí ìyá mi so orí fífọ́ náà mọ́ iná. Iná ni ọ̀rẹ́ wa. Ìyá Aláàlà ni a so ó mọ́.

Ó mọ̀ pé a kò fẹ́ràn òun, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń sá aṣọ ìtẹ́dìí, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá ìkókó, ẹ jẹ́ kí ilé yín máa mí." Mo sáré wọlé lọ sọ fún ìyá mi. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn, ó ní ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ilé ń mí, àti pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé èémí ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tó jẹ́ pé èémí ni ọmọ mi àkọ́kọ́ kò rí mí tó fi lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo lọ bá ọkọ mi níbi iṣẹ́, mo sunkún lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ní kó yàn, bóyá arúgbó náà ló fẹ́ tàbí ọmọ rẹ̀. Ó ní ìyá náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti oṣù mẹ́ta tí òun ti wà níbẹ̀. Mo ní ohun tó ń dúró dè nìyẹn, ọmọ. Àwọn lébìrà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ó pe ọlọ́dẹ, ó ní kó má jẹ́ kí ìyá náà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, a gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà, ó ń bá ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọlọ́dẹ ń jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn mọ́. Ìyá mi dí ihò mẹ́jọ náà, ó tún fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bu ẹyín iná kún ìkòkò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọyẹ́ ọjọ́ náà le. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ariwo ilẹ̀kùn ló jí mi. Mo gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí wọ́n ń gún nǹkan ní àdúgbò kejì. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo sì rí àlà funfun. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń já ilẹ̀kùn. Ó gba orí mi kọjá, ó gbé ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ìyá mi di aṣọ ọmọ náà mú, kò lè gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Aṣọ bọ́ sí i lọ́wọ́, arúgbó gbé ọmọ jáde ní ìhòòhò sínú ọyẹ́.

Mo mọ̀ nígbà náà pé gbogbo ohun tí mo ti ń rò ló ṣẹ. Mo fi orúnkún wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kẹ́tùrù irin tí a fi ń se omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo gbé e, mo sọ ọ́ lù ú. Ó bà á ní èjìká, mo gbọ́ bó ṣe dún. Kò yíjú padà. Ó gbé ọmọ náà kọjú sí afẹ́fẹ́, apá ọmọ náà ń fì dirodiro, ètè rẹ̀ kò ní àwọ̀ tó yẹ ètè. Ó ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó ń pè é ní oríṣiríṣi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọlọ́dẹ sáré dé, ó dúró, kò mọ ẹni tó yẹ kó mú. Mo bì sí orí àtẹ̀gùn. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé èyí náà kọ́, èyí náà kọ́.

Ọmọ náà sín. Ó tún sín. Lẹ́yìn náà ló figbe ta, igbe tí kò ní ojúṣàájú, tí gbogbo àgọ́ fi jí.

Ìyá Aláàlà jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó fi etí àlà rẹ̀ bo ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà níta. Wọ́n ti gbé ìyá mi jáde nígbà náà, ó nà gbalaja sórí ẹní, ojú rẹ̀ ń yí. Arúgbó náà tọ́ka sí àkísà aró lára ilé onítáyà. Ó ní òun lòun ń yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí òun bá ń ti ìyókù oko òun bọ̀, tí àwa bá ti tìlẹ̀kùn tán.

"Bí a bá fẹ́ pa òkété nínú ihò," ó ní, "a kì í bá a wọ ihò. Gbogbo ẹnu ihò la máa ń dí, a ó wá fi iná sí ọ̀kan. Mo rí i tí ẹ ń ṣe é fún ọmọ yín. Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni."

Òyìnbó ọ̀gá ọkọ mi wá wo ìkòkò náà, ó gbá a dànù, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa èéfín tí ojú kì í rí. Àlàyé tirẹ̀ dára, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ti òkété. Ilé amọ̀ tí wọ́n ti tọ́ ìyá mi, àlàfo wà láàárín ògiri àti òrùlé rẹ̀, aláǹgbá ń gbà á wọlé, èéfín ń gbà á jáde, ta ni ìbá rò pé ohun tó gba ọmọ mẹ́wàá là níbẹ̀ lè pa ọ̀kan ṣoṣo níbòmíràn? Mo ti rò ó títí, mi ò dá ìyá mi lẹ́bi. Ara mi ni mo dá lẹ́bi, torí èmi ni mo sunkún kí wọ́n lé e, èmi ni mo sì ju kẹ́tùrù.

A padà sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá mi ní kí n gbé ọmọ pọ̀n, à ń lọ kí Ìyá Aláàlà. Àlà tuntun kan wà lórí rẹ̀, nínú ìwé bébà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó gbé aṣọ jáde nílé láìrẹ ẹ́ ní aró. Gbogbo ọ̀nà ló fi di bébà náà mú, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ láti ogójì ọdún.

A bá arúgbó náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń yá oòrùn, òrí ń dán ní èjìká rẹ̀ tó wú. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fi ìka kan ṣí ìborùn lójú ọmọ, ó rí i pé ó ń mí, ó sì dé e padà. Ìyá mi náà kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ní í sọ, ó nawọ́ aṣọ sí i. Arúgbó náà kò gbà á. Ó wo bébà náà, ó wo ọwọ́ dúdú tó gbé e dání.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ fi bora yín ná."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ tọ́ iṣu wò ló ṣe bẹ ìyá mi. Ìyá mi, tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Òwu, tú bébà, ó ṣí àlà náà, ó fi bora, ó jókòó sórí ilẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Arúgbó náà ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dúró bóyá nǹkan kan yóò ṣe é. Ìyá mi jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn.